Mo fẹ́ ṣe áàpù tí àdúgbò á fi máa pín èso àti ọmọ igi l'Ékòó, ẹ bá mi dá sí i

OmoIwaya:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ìwáyà ni mò ń gbé. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni igi mángòrò ńlá kan wà nínú kọ̀ǹpáǹdù bàbá àgbà kan, ó ti dàgbà débi pé ẹ̀ka ẹ̀ ti bo òrùlé wa. Láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí, gbàgà, gbàgà, lórí páànù ní gbogbo òru. Tílẹ̀ bá mọ́ ẹ máa rí i nílẹ̀, òmíràn ti fọ́, òmíràn ti jẹrà, eṣinṣin ti bò ó, ọmọ tó ń bá bàbá gbé á kó o sínú àpò sìmẹ́ǹtì á gbé e fún àwọn tó ń kó ilẹ̀. Ọjọ́ kan náà yẹn ìyá mi á ti ọjà dé pẹ̀lú mángòrò tó fi owó gidi rà, a máa fi ọ̀bẹ là á, ẹ̀yìn ẹ̀ ti pọ́n dáadáa àmọ́ inú ẹ̀ ṣì le, ó sì funfun bí iṣu tútù, torí kábáìdì ni wọ́n fi mú un pọ́n, NAFDAC sì ti pariwo títí pé kí wọ́n yé fi nǹkan yẹn sí èso. Ó máa ń dùn mí gan. Fẹ́ǹsì kan péré ló wà láàárín mángòrò tó ń jẹrà àti èyí tá à ń fowó rà.

Ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé kí n ṣe áàpù kan. Ẹni tó bá nígi nínú ilé ẹ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ní mángòrò, mo ní àgbálùmọ̀, mo ní gúáfà, ó ti pọ́n, ẹ wá mú. Ẹni tí ò nígi á rí i, á sì wá. A ó tún máa fi í pín kóró àti ọmọ igi, torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ jíjẹ nìkan, mo fẹ́ kí igi pọ̀ sí i, ojú mi báyìí ni wọ́n ti gé igi mẹ́rin ní àdúgbò wa láàárín ọdún méjì.

Mo mọ kódù kọ díẹ̀, ìyẹn ò kó ìdààmú bá mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ṣé kí n fi gbogbo igi hàn lórí máàpù ni, báwo ni mo sì ṣe máa jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà tó nígi gan-an bá wa dá sí i nígbà tó jẹ́ pé fóònù tọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, àti pé ọmọ igi tá a bá pín, kí la máa ṣe tí ò fi ní kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ dáhùn.

Kodu_Yaba:

Àbúrò, o káre. Mo ti ń kọ áàpù láti bí ọdún mẹ́jọ ní Yábà níbí, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí sí i.

Irú ẹ̀ ti wà lókè òkun o, lọ wò ó kó o má baà máa tún iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe. Falling Fruit lorúkọ ẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2013, máàpù ni, ẹnikẹ́ni lè fi igi eléso tó bá rí sí i níbikíbi láyé. Àmọ́ igi etí títì, igi tí gbogbo èèyàn lè dé ìdí ẹ̀, ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń wá. L'Ékòó níbí, inú fẹ́ǹsì ni igi eléso wa wà, gẹ́ètì wà níwájú ẹ̀. Tó o bá gbé máàpù tiwọn wá bó ṣe wà, ilé onílé lò ń júwe fún ẹni tí o ò mọ̀ rí yẹn, o sì tún ń sọ fún un pé àgbàlagbà ló ń gbé ibẹ̀. Má ṣe é.

Bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Fóònù á fún ẹ ní nọ́ńbà bíi 6.51234 àti 3.38765. Èyí tí gbogbo èèyàn máa rí, gé e kù sí ẹyọ mẹ́ta lẹ́yìn póìǹtì yẹn, kó di 6.512 àti 3.387, ibi tó máa tọ́ka sí á fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 110, èèyàn á mọ̀ pé àgbálùmọ̀ wà lágbègbè yẹn, kò ní mọ ilé tó jẹ́. Ìgbà tí onígi bá sọ pé òun gbà kí ẹni yẹn wá ni kí áàpù tó fún un ní ojú ibẹ̀ gan-an. Fún ìyẹn, má gbẹ́kẹ̀ lé ádírẹ́ẹ̀sì nìkan, o mọ̀ bí nọ́ńbà ilé ṣe rí níwájú ilé wa, 12, 12A, 12B, òmíràn ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà rárá. Lo Plus Code ti Google, lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ tó ń dúró fún ojú ibì kan, ọ̀fẹ́ ni, ó ń tọ́ka sí ibi tí ò ju mítà 14 sí mítà 14 lọ, fóònù sì lè ṣírò ẹ̀ láìsí dátà.

Nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn àti ibi tí wọ́n ń gbé tó o bá fẹ́ gbà yẹn, òfin ààbò dátà wà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ẹni tó ni ín, kó o sì lè pa á rẹ́ lọ́jọ́ tó bá ní kó o pa á rẹ́. Jẹ́ kí bọ́tìnì ìyẹn wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Má kọ èyí tí wọ́n máa lọ gbà ní Play Store lákọ̀ọ́kọ́. Ṣe é bíi wẹ́ẹ̀bù tó fúyẹ́, tí fóònù lè tọ́jú sínú ara ẹ̀ kó máa ṣí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá tiẹ̀ sí, kí fọ́tò kankan má sì ju 100KB lọ, torí dátà ti wọ́n gan. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹni tó ń lo WhatsApp kó fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹni tó ń lo fóònù tọ́ọ̀ṣì kó fi SMS ránṣẹ́. USSD, ìyẹn kóòdù oníràwọ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù, wu èèyàn lóòótọ́, àmọ́ ó gba àdéhùn pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ó sì gba owó, kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Iya_Lafiaji:

Ọmọ mi, Ọlọ́run á bùkún ọpọlọ rẹ. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ ọ́.

Erékùṣù ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ lè rò pé kò sí igi níbẹ̀ rí, Breadfruit Street tí gbogbo yín ń gbà kọjá yẹn, igi gbẹ̀rẹ̀fútù ló fún un lórúkọ. Lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ yín náà, Ìdí-Àrábà, Ìdí-Orò, Ìdí-Mángòrò, igi náà ni. Wọ́n ti gé igi, orúkọ ló kù.

Nílé bàbá wa ní Lafíàjí, igi àgbálùmọ̀ kan wà lágbàlá. Tó bá ti ń pọ́n bí ọdún bá ti ń parí lọ, ìyá bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun un. Ó ní èyí tó bá fúnra ẹ̀ já ló dùn, òótọ́ sì ni. Àwa ọmọ la máa ń jí ṣa á lówùúrọ̀, a ó kó o sínú abọ́ tánganran, màmá á wá pín in, abọ́ kan fún ilé ọ̀tún, abọ́ kan fún ilé òsì, ọ̀kan fún ìyá kan tó ń ta ògì lójúde, kí àwa tó fọwọ́ kàn án. Abọ́ kì í padà wá lófìfo. Wọ́n á fi ògì sí i, wọ́n á fi ẹ̀kọ sí i, tí wọn ò bá ní nǹkan kan wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní wọ́n á gbé e wá pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ìwọ ń béèrè ohun tí onígi ní. Wàhálà tí igi ń kó bá onígi ni kó o béèrè. Ta ló ń gbá ewé? Ojoojúmọ́ ni ewé mángòrò ń bọ́, àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn ló ń bẹ̀rẹ̀ gbá a. Ta ló ń tún páànù ṣe tí ẹ̀ka bá já lù ú? Igi eléso ni wọ́n ń sọ lókò, òkò yẹn á sì ba wíńdò jẹ́. Ìyà yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n gé e o, ọmọ mi, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn èso. Tó o bá wá sọ fún wọn pé àjèjì mẹ́wàá á tún máa kan gẹ́ètì, wàhálà lo fi kún wàhálà. Ṣùgbọ́n tó o bá sọ pé ọmọkùnrin méjì á máa wá gbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á bá yín ká èso, wọ́n á gbé abọ́ kan sílẹ̀ fún yín kí wọ́n tó gbé tiwọn lọ, ta ló máa kọ̀?

Àwa tí a wà ní Erékùṣù tí a ò nílẹ̀ mọ́, a ní bárándà. Mo ní ọsàn wẹ́wẹ́ nínú dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà kan, ó ń so. Kẹ́ ẹ má gbàgbé wa nínú áàpù yín.

Alagbin_Idimangoro:

Màmá ti sọ ojú ọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ sọ ti ọmọ igi torí iṣẹ́ mi ni, ọdún kẹtàlélógún tí mo ti ń ta ọmọ igi rèé, àṣìṣe tí mo sì máa ń rí jù ni kí wọ́n máa pín kóró káàkiri kí wọ́n ní àwọn ń pín igi.

Kóró mángòrò kì í pẹ́ kú. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ fọ ara ẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kí èèpo le ẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan sí méjì, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀bẹ ṣí i létí, jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ yọ èyí tó wà nínú tó dà bí ẹ̀wà ńlá. Ẹ wò ó dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí ihò tàbí kòkòrò dúdú, ẹ jù ú nù. Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ fi í dùbúlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, kí ibi tó tẹ̀ wọnú kọjú sílẹ̀, á hù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù fún oṣù kan kẹ́ ẹ tó rántí, ó ti kú.

Èyí tó hù yẹn náà, ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ kó tó so, ẹ ò sì mọ irú mángòrò tó máa jẹ́. Ìyẹn ló fà á tí a fi ń ṣe gírááfùtù. Ẹ̀ka igi tẹ́ ẹ ti jẹ èso ẹ̀ tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó dùn, ẹ gé ọ̀mùnú ẹ̀ tó nípọn bíi bírò, ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gan là orí ọmọ igi tó hù láti kóró, ẹ fi ẹ̀ka yẹn há a kí awọ méjèèjì kanra wọn, ẹ fi náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ dì í pinpin kí omi má wọ̀ ọ́. Ìyẹn á so ní bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, èso ẹ̀ á sì dà bíi ti ìyá ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àgbálùmọ̀ náà, tẹ́ ẹ bá gbin kóró, ó lè tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, èyí tí wọ́n fi gírááfùtù ṣe yára ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, àbúrò, ohun tí áàpù ẹ gbọ́dọ̀ máa wá gan-an ni ÌYÁ IGI. Igi mángòrò bàbá ẹ̀yìn ilé yín yẹn, tó bá dùn, tó sì ń so lọ́dọọdún, ọ̀mùnú ẹ̀ lẹ ó máa gé láti fi ṣe ọmọ igi fún gbogbo Ìwáyà. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gba ọmọ ẹ̀ mọ ìyá ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ gírááfùtù dáadáa, NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀, wà n'Ìbàdàn ní Ìdí-Ìṣìn, láti 1975 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, iṣẹ́ èso àti ẹ̀fọ́ ni tiwọn.

Ẹni tí ò ní sùúrù, ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ. Kò tó ọdún kan tó fi máa so. Àmọ́ ẹ máa fún un ní ọmọ mẹ́ta, kó gbin ín sójú kan, torí akọ àti abo wà nínú ẹ̀, tó bá sì ti yọ òdòdó á mọ̀ ọ́n: èyí tí òdòdó ẹ̀ so rọ̀ lórí okùn gígùn, akọ nìyẹn, kì í so bó ṣe yẹ, èyí tí òdòdó ẹ̀ fara mọ́ ara igi ni kó fi sílẹ̀.

Àkókò ṣe pàtàkì. Ìjọba Èkó fi ọjọ́ 14 oṣù keje ṣe ọjọ́ gbígbin igi láti 2008, àsìkò òjò ni, ó dáa. Tó bá ti kọjá oṣù kẹsàn-án, ẹ má pín ọmọ igi fún ẹni tí ò ní kànga tàbí omi ẹ̀rọ, ọyẹ́ á pa á. Kí áàpù máa pe ẹni tó gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, "ẹ ti bu omi sí i?", kó ya fọ́tò ẹ̀. Ọdún kan tí mo fún ilé ìwé kan ní ọgbọ̀n ọmọ igi lọ́fẹ̀ẹ́, ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù kan, kò sẹ́ni tó ní ìkankan nínú ẹ̀ bíi tara ẹ̀, gbogbo wọn ló ni gbogbo ẹ̀. Látìgbà yẹn, ọmọ igi kan, orúkọ èèyàn kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbin mángòrò sí ẹ̀gbẹ́ sọ́kàwéè tàbí ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì, ó fẹ́ tó mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá láti igi kan sí ìkejì. Ibi tí wọ́n ti ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe rí, òjé wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀, ẹ má gbin ohun jíjẹ síbẹ̀. Mángòrò tó ń jẹrà sílẹ̀ tó o ń sọ yẹn sì burú ju bó o ṣe rò lọ, eṣinṣin èso ló ń yé ẹyin sínú ẹ̀, ìdin ẹ̀ á jẹ inú ẹ̀, á wọ ilẹ̀ lọ, á sì di eṣinṣin padà tó máa ba èyí tó wà lórí igi jẹ́. Ẹ máa ṣa á lójoojúmọ́, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ayalegbe_Mushin:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi. Ọ̀rọ̀ àwa ayálégbé nìkan ni mo fẹ́ fi kún un. Mo gbin píà sẹ́yìn ilé tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀, mo bomi sí i fún ọdún mẹ́fà, ọdún tó kọ́kọ́ yọ òdòdó ni lànlọ́ọ̀dù ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo ti ibi iṣẹ́ dé, kùkùté ni mo bá. Òdòdó ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó ṣì tutù. Mi ò lè sọ nǹkan kan, ilẹ̀ ẹ̀ ni.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń fún ayálégbé ní ọmọ igi, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá lànlọ́ọ̀dù mọ̀. Tí kò bá mọ̀, ẹ fún un ní ohun tó lè wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, ọsàn wẹ́wẹ́ bíi ti Màmá, tó máa lè gbé kó lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde.

OmoIwaya:

Ẹ ṣé gan o, mo kúnlẹ̀ kí Màmá, ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé, bàbá alágbìn ẹ kú làálàá. Ọ̀gá Mushin, ọ̀rọ̀ píà yẹn dùn mí dé ọkàn.

Mo ka ìdáhùn Màmá lálẹ́ ọjọ́bọ̀, mi ò sùn dáadáa. Ní Sátidé mo lọ kan gẹ́ètì bàbá ẹ̀yìn ilé wa. Ọdún mọ́kànlá tá a ti ń gbé níbẹ̀, mi ò wọ ibẹ̀ rí. Mi ò dárúkọ áàpù rárá, mo kàn béèrè pé bàbá, igi yìí ò yọ yín lẹ́nu? Bàbá mú mi lọ sẹ́yìn, ó fi ojú ibi tí ẹ̀ka já lù hàn mí lára tánkì omi, wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú dí i. Ó ní ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí òun lòun gbin ín, kóró mángòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ni, pé ọmọ náà ti wà ní Kánádà báyìí, pé òun ti bá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgégi sọ̀rọ̀, oṣù tó ń bọ̀ ló fẹ́ wá gé e. Mo ní bàbá, tí a bá ń gbá ewé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Tí a bá bá yín gé ẹ̀ka tó wà lórí páànù ńkọ́? Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ẹni tó bá gbá ewé, kó kó mángòrò tó bá lè gbé." Ó sì ti pe onígégi yẹn pé kó dúró ná.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ ṣe ti yí padà. Kò ní sí máàpù tí gbogbo ayé ń rí. Òpópónà mẹ́ta péré ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti rìn ín, igi eléso mọ́kàndínlógún la kà. Ojú ewé àkọ́kọ́ á máa béèrè ohun tí igi nílò: gbígbá ewé, gígé ẹ̀ka, kíká èso, tàbí kò nílò nǹkan kan. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ nídìí igi nìkan ló máa rí ìgbà tó bá pọ́n. Onígi tí kò ní fóònù ńlá, ọmọ àdúgbò kan tó mọ̀ ọ́n á máa kọ ọ́ fún un, orúkọ ọmọ yẹn á wà níbẹ̀. Ìyá igi á ní ojú ewé tiẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ á wà lábẹ́ ẹ̀. Títí màá fi kọ ọ́ tán, ìwé ìkọ̀wé ọlọ́gọ́ta ewé kan àti WhatsApp la fi ń ṣe é.

Bàbá alágbìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ka tó wà lórí páànù yẹn, ṣé ká gé e báyìí ni àbí ká dúró? Mi ò fẹ́ kí ó má so lọ́dún tó ń bọ̀ torí tèmi.

Alagbin_Idimangoro:

Ìsinsìnyí tó ti so tán gan-an ni àsìkò ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di oṣù kọkànlá. Ẹ má gé e láti òkè lẹ́ẹ̀kan, á fa awọ igi ya. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé e lábẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ tó gé e láti òkè, kẹ́ ẹ sì fi okùn so ó kó má já lu páànù. Ẹ má fọwọ́ kan oje ẹ̀, ó máa ń ba awọ ara jẹ́. Ẹ̀ka kéékèèké tó wà lórí ẹ̀ká yẹn, ẹ má dà á nù, ẹ yọ ewé ẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù wé ọ̀mùnú tó le dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e fún mi ní Ìdí-Mángòrò lọ́jọ́ kan náà. Mo ní ọmọ igi ogójì nílẹ̀ tó ti tó gírááfùtù.